Ìdin Yàtọ̀ sí Ìdin

"Gbóòórùn rẹ̀ wò."

Ìyá Olóúnjẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Télọ̀ kò tíì gbá iwájú ilé tán nígbà tí obìnrin náà yọ sí i, ó gbé abọ́ kékeré kan tó fi àwo dé lọ́wọ́, kò kí i, kò béèrè àlàáfíà ọmọ. Obìnrin tó jẹ́ pé ó máa ń kí adìẹ inú ọgbà kó tó kí ẹni tó ni wọ́n! Ìyàwó Télọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

"Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Mo ní gbóòórùn rẹ̀ wò ná. A óò kí ara wa tó bá yá."

Ìyàwó Télọ̀ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí abọ́ náà. Itan adìẹ ni, ó jinná dáadáa, ọbẹ̀ pupa yí i ká. Ó tẹ orí ba, ó fa èémí.

"Adìẹ ni, mà."

"Ojú rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Imú rẹ ńkọ́?"

Ó tún fa èémí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fa orí sẹ́yìn. Òórùn ẹja ló ń jáde lára adìẹ. Kì í sì í ṣe òórùn ẹja tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú omi jáde. Ẹja gbígbẹ ni, èyí tó ti pẹ́ nínú àpò, tí òróró ara rẹ̀ ti ń kan.

"Àbí ìkòkò ẹja lẹ fi sè é, mà?"

"Háà! Èmi tí mo ti ń dáná tà kí wọ́n tó bí ẹ!" Ìyá Olóúnjẹ gbọwọ́ lé àyà. "Oníbàárà mi kan jẹun tán lánàá, ó nu ẹnu, ó ní, 'Ìyá, odò wo ni adìẹ yìí ti ń lúwẹ̀ẹ́?' Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n ń fi ìtìjú rín."

"Ẹ má bínú, mà."

"Bí mo bá bínú ni, n kò ní wá rárá. Màá padà wá kó adìẹ lópin oṣù. Bí wọ́n bá tún rùn bí ẹja, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹja mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á."

Ó gba abọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Ìyàwó Télọ̀ dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n sọ èdè àjèjì sí. Ìyá Olóúnjẹ yìí nìkan ni oníbàárà tó dúró sinsin lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù ń rà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àlejò bá dé bá wọn. Bí obìnrin yìí bá kọ̀yìn sí i, ọgbà adìẹ ẹ̀yìnkùlé máa dìtàn.

Télọ̀ ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú, ó ń ránṣọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, rédíò kékeré kan wà lórí pẹpẹ lókè orí rẹ̀, àjákù aṣọ sì tú ká sílẹ̀ bí ewé tí atẹ́gùn já.

"Ó ní adìẹ wa ń rùn bí ẹja."

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Adìẹ àti ẹja pa pọ̀? Ẹran méjì nínú ìkòkò kan! Ó yẹ kó dúpẹ́."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, olówó orí mi. Ẹja lílọ̀ tí Bọ̀dá ní ká máa dà sí oúnjẹ wọn ló fà á."

Bọ̀dá tó ń wí ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-ti-gbọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Mo ti gbọ́," kódà bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì ṣẹlẹ̀. Òun ló sọ fún wọn pé ẹja ló ń fi ẹran sí adìẹ lára. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ní ó kéré. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó ní ṣé wọ́n ń bẹ̀rù ni? Ìgbà tó yá, abọ́ ni wọ́n fi ń bù ú, láti ìsàlẹ̀ àpò níbi tí ẹja àtijọ́ máa ń kó jọ sí.

"A ó yọ ẹja kúrò pátápátá nìyẹn," ni Télọ̀ wí. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Àgbàdo àti èèrí ògì nìkan ló kù fún àwọn adìẹ láti máa jẹ, kò sì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Àyà wọn mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara wọn tu, wọ́n ń gbé e mì bí ẹni pé oògùn ni. Àkùkọ ńlá tí wọ́n ń pè ní Alága, tó máa ń dúró bí ẹni tó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ níbi ìpàdé, wá di bọ̀rọ̀kìnní tí agbádá rẹ̀ ti gbó.

Ìyàwó Télọ̀ a máa dúró lẹ́yìn wáyà ọgbà, oòrùn a máa gba ojú wáyà wọlé sórí ìyẹ́ wọn, òun á sì máa ronú títí ọbẹ̀ á fi jóná. Bí a bá fún wọn lẹ́ja, wọ́n á rùn. Bí a kò bá fún wọn, wọ́n á rù. Ibo gan-an ni àgbàdo ti ń di itan? Ta ló ń pín in nínú lọ́hùn-ún, tó ń sọ pé kí èyí lọ sí àyà, kí tọ̀hún lọ sí apá? Kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí òun lè bi tí kò ní fi òun rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni rédíò dá a lóhùn. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ tú òwú nígbà tó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan:

"Ẹ̀yin olùsìn adìẹ, bí ẹja bá ti ń ba adùn ẹran yín jẹ́, ìdin lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe…"

Télọ̀ tẹ ẹ̀rọ. Kẹrẹkẹrẹkẹrẹ! Ariwo gba gbogbo yàrá.

"Ẹ dá a dúró! Ẹ dá a dúró!"

"Jẹ́ kí n parí etí aṣọ yìí ná!"

Nígbà tó máa fi parí etí aṣọ, ọkùnrin inú rédíò ń sọ pé, "…eṣinṣin dúdú… kí ẹ sá a gbẹ. Ẹ ṣeun." Orin bọ́ sí i.

"Kí ló sọ?" Télọ̀ béèrè.

"Ìdin."

"Ìdin wo?"

"Ìdin, ìdin! Ìdin mélòó lẹ mọ̀?"

"Ọ̀kan náà ni mo mọ̀."

"Ó tún sọ pé, 'ṣùgbọ́n kì í ṣe.'"

"Kì í ṣe kí ni?"

"Ibẹ̀ lẹ ti tẹ ẹ̀rọ."

Mo-ti-gbọ́ ya ilé wọn nírọ̀lẹ́. Wọn kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà débì kan tó fi mi orí. "Ìdin. Mo ti gbọ́."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ ní rédíò náà, Bọ̀dá?" Ìyàwó Télọ̀ béèrè, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. "Kí ni wọ́n ní kì í ṣe?"

"Kí rédíò tó gbọ́ ni mo ti gbọ́. Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Níbo ni ìdin ń gbé? Ara ẹran kíkú. Adìẹ tí alùpùpù gbá lánàá dà?"

"A ti fẹ́ lọ sin ín."

"Sin kí ni? Oúnjẹ lẹ fẹ́ sin!"

Ó wá ike ọ̀dà àtijọ́ kan, ó fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ ní ihò, ó ju òkú adìẹ sínú rẹ̀, ó sì so ó kọ́ sókè nínú ọgbà. Kò pẹ́ tí eṣinṣin dé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìdin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ihò jábọ́, wọ́n funfun, wọ́n ń yíra. Àwọn adìẹ kò jẹ́ kí ọ̀kan kanlẹ̀ kí wọ́n tó ṣa á jẹ. Alága ló máa ń dúró sí ìdí ike náà gan-an, ẹnu rẹ̀ lókè bí ẹni tó ń retí òjò.

Wọ́n sanra. Ta ló máa pa irọ́ mọ́ ọn? Wọn kò fa ìyẹ́ ara wọn tu mọ́, àyà wọn kún. Ṣùgbọ́n òórùn ike yẹn kò jẹ́ kí Ìyàwó Télọ̀ sùn dáadáa, àlọ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò rí já. Bí adìẹ bá jẹ ìdin, tí èèyàn bá jẹ adìẹ, ta ló jẹ ìdin?

Ó bi ọkọ rẹ̀. Télọ̀ ronú, ó fi abẹ́rẹ́ họ orí. "Má bi Ìyá Olóúnjẹ," ni ìdáhùn tó fún un.

Òpin oṣù pé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Olóúnjẹ fẹ́ wá, Ìyàwó Télọ̀ gbé omi lọ sínú ọgbà, ó sì bá Alága nílẹ̀. Kò kú. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ nà sílẹ̀ gbọọrọ bí okùn tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ó gbé orí rẹ̀ sókè, orí náà tún wó padà. Adìẹ mìíràn fẹ́ rìn wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á, ó jókòó. Òmíràn fìdí ti ògiri, ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì wọ́ sílẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!"

Télọ̀ sáré dé pẹ̀lú okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n. "Oorun ni."

"Oorun kẹ̀? Adìẹ mélòó ló ń fi ọrùn lélẹ̀ sùn lówùúrọ̀?"

"Oòrùn àná mú jù. Bóyá ooru ni."

Mo-ti-gbọ́ ti dé. Ó dúró lẹ́nu ọgbà, kò wọlé, ó mi orí. "Lúkúlúkú ni. Mo ti gbọ́ pé àrùn yẹn ń pa adìẹ káàkiri. Ẹ mú ọ̀bẹ wá kíá, ká pa wọ́n kí wọ́n tó kú."

"Pa kí ni, Bọ̀dá? Ara wọn ò yá mà!"

"Ìyàwó wa, adìẹ tó bá kú fúnra rẹ̀, òkú ẹran ni. Adìẹ tí a bá pa, kò kú, a pa á ni. Ta ló máa bi ẹran nínú ọbẹ̀ pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí bí òtítọ́. Ohun tó tilẹ̀ dẹ́rù ba Ìyàwó Télọ̀ nìyẹn. Ó gbọ́ tí ọ̀bẹ ń ha òkúta. Ó wo oòrùn, ó ti ń gòkè, Ìyá Olóúnjẹ á ti gbé àgò rẹ̀ jáde nílé. Bí òun bá pa wọ́n, òun ní oníbàárà. Bí òun kò bá pa wọ́n, òun kò ní. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tó ń jẹun lọ́dọ̀ Ìyá Olóúnjẹ, tí wọ́n máa jẹ ẹran yìí, àwọn náà ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ. Bí ọrùn ẹnì kan nínú wọn bá wá rọ̀ ńkọ́?

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọlé, ó mú fóònù, ó pe dókítà ẹranko tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní òpin òpópónà.

Orí alùpùpù ni dókítà dé, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Ó kí gbogbo wọn, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì gbé Alága lé itan bí ọmọ tó ń ṣàìsàn.

"Lúkúlúkú ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, dókítà?" Mo-ti-gbọ́ sọ, ọ̀bẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn."

"Ẹ ṣé, bàbá. Lúkúlúkú sábà máa ń yí ọrùn po ni, wọ́n a máa wúkọ́, ìgbẹ́ wọn a máa dà bí omi ewé. Ẹ wo eléyìí. Ọrùn ò yí, ọrùn ló rọ̀." Ó fa ìyẹ́ kan pẹ́, ìyẹ́ náà tú láìjà. Ó gbé ojú sókè. Ó fa imú. "Kí ló wà nínú ike yẹn?"

 Télọ̀ ń wo okùn ìwọnṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

"Oúnjẹ adìẹ ni," Ìyàwó Télọ̀ sọ níkẹyìn. "Ìdin ni. Rédíò ló ní ká fún wọn."

"Rédíò ní kí ẹ so òkú adìẹ kọ́?"

"Rédíò ní ìdin. A ò gbọ́ ìyókù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, májèlé kan wà tó máa ń hù nínú òkú ẹran tó ń jẹrà. Ìdin tó ń jẹ òkú náà á jẹ májèlé yẹn, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí adìẹ bá ti ṣa ìdin yẹn jẹ, májèlé á mú ẹsẹ̀ rẹ̀, á mú apá, á wá mú ọrùn. Bí ó bá dé ibi èémí, ó parí. Ẹ sọ̀ ike yẹn kalẹ̀ kíá."

"Àwọn tó ṣì ń rìn ńkọ́?" Mo-ti-gbọ́ béèrè.

"Gbogbo wọn ló jẹ ìdin kan náà. A ò gbọ́dọ̀ pa ìkankan fún jíjẹ títí n óò fi sọ pé ó yá. Adìẹ tó ń ṣàìsàn kì í ṣe ohun tí a ń gbé síwájú èèyàn, ì báà jẹ́ pé a fi iná ọ̀run sè é."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣì wà nígbà tí ohùn kan dún níta. "Onílé o! Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ìyá Olóúnjẹ ti dé, ó ru àgò lórí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo-ti-gbọ́ sáré tẹ ẹnu mọ́ etí ìyàwó àbúrò rẹ̀. "Mú àwọn tó ń rìn fún un. Kò mọ nǹkan kan."

Òótọ́ ni, kò mọ nǹkan kan. Ìyàwó Télọ̀ wo obìnrin náà, ó wo àgò, ó wo Alága lórí itan dókítà.  Ó la ẹnu láìmọ ohun tó máa jáde.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní adìẹ tí mo lè tà fún yín lónìí. Mo bọ́ wọn ní ìbọ́kúbọ̀ọ́, wọ́n ń ṣàìsàn."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Olóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. "Kí ni mo wá fẹ́ fi dáná?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Lánàá ẹja, lónìí àìsàn." Ó gbé àgò padà sórí. "Kò burú."  Òfìfo àgò náà ń mì lórí rẹ̀ títí ó fi yí kọ́nà.

"Ṣé o rí i?" Mo-ti-gbọ́ wí. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti ń tú okùn ike náà.

Wọ́n sun òkú inú ike pátápátá, wọ́n gbá ilẹ̀ ọgbà, wọ́n sì ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ níbi tó tutù. Ìyàwó Télọ̀ fi ṣíbí kán omi sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Alága kò là á já. Àwọn bíi mélòó kan náà tẹ̀ lé e, wọ́n sì sun àwọn náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbé orí sókè, wọ́n dìde, wọ́n rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Nígbà tí ara wọ́n balẹ̀, dókítà mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń sin eṣinṣin. Ìyàwó Télọ̀ rò pé àwàdà ni títí ó fi débẹ̀. Yàrá kan tí wọ́n fi àwọ̀n ká, eṣinṣin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ń fò nínú rẹ̀. Nínú ọpọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èèpo èso àti ewé tí wọ́n yọ kúrò lára ẹ̀fọ́ ni ìdin ń jẹ, kò sí òkú ẹran, kò sí ìgbẹ́. Ọkùnrin kan ń fi omi gbígbóná pa àwọn tó dàgbà, ẹnì kejì ń yan wọ́n gbẹ. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn ẹ̀pà yíyan.

"Ìdin nìyí?"

"Ìdin ni," dókítà dáhùn.

"Ti inú ike wa ńkọ́?"

"Ìdin náà ni."

"Ẹ ò wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ pa adìẹ mi tán!"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, olú ńkọ́? Ṣebí olú là ń pe èyí tí a ń sè, olú náà là ń pe èyí tó ń pa èèyàn. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ já olú, ẹ ó bi í pé èwo. Ohun tí ọkùnrin rédíò ń sọ nìyẹn, tí ẹ̀rọ Télọ̀ gbé mì: 'Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdin òkú ẹran.'"

Ìyàwó Télọ̀ rántí àlọ́ rẹ̀, ó sì bi í. Bí adìẹ bá jẹ ìdin, tí èèyàn jẹ adìẹ, ta ló jẹ ìdin?

"Bí Télọ̀ bá tú agbádá àgbàlagbà, tó fi rán bùbá ọmọdé, ṣé agbádá lọmọ náà wọ̀?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni."

"Ẹ ṣeun. Inú adìẹ ń tú oúnjẹ palẹ̀, ó sì ń fi rán ẹran ara rẹ̀. Èròjà amúaradàgbà là ń pe aṣọ yẹn, yálà ó ti ara ẹja wá, tàbí ẹ̀wà sóyà, tàbí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tàbí ìdin. Bí kò bá sí i, adìẹ á máa fa ìyẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, bí ẹ ṣe rí i. Ṣùgbọ́n aró aṣọ kì í tètè ṣí. Òróró ẹja dà bí aró. Inú ọ̀rá adìẹ ló ń lọ bá, ibẹ̀ ni òórùn yẹn ń gbé. Ìdin náà, bí ó bá pọ̀ jù, ó lè yí ọ̀rá adìẹ padà. Èyí tó bá wà níwọ̀n, àwọn tó wádìí rẹ̀ sọ pé ahọ́n kì í sábà mọ ìyàtọ̀."

"Kì í sábà? Àbí kì í mọ̀ ọ́n rárá?"

"Kì í sábà. Ahọ́n èèyàn kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká bi ahọ́n."

Wọ́n ra òròmọdìẹ tuntun, bí àwọn yẹn sì ṣe dàgbà tán, wọ́n bi ahọ́n. Ẹ̀wà sóyà yíyan, àgbàdo àti ìdin gbígbẹ díẹ̀ ni wọ́n fi bọ́ wọn. Dókítà ní kí wọ́n ya ẹyọ kan sọ́tọ̀, kí wọ́n máa fún un ní ẹja títí dé ọjọ́ tí wọ́n máa pa á. Ìkòkò méjì, iyọ̀ àti omi nìkan. Ìyàwó Télọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bẹ Ìyá Olóúnjẹ. Ó wá, ṣùgbọ́n ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Wọ́n gbé abọ́ méjì síwájú wọn. Mo-ti-gbọ́ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó di ojú. "Èyí ni ẹlẹ́ja. Kí n tó gbé e sẹ́nu ni mo ti gbọ́."

"Ẹlẹ́wà sóyà àti ìdin nìyẹn, bàbá," ni dókítà wí.

Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há lọ́fun nítorí ẹ̀rín. Òun náà tọ́ méjèèjì wò, ó ní ìkan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ebi ń pa òun, kí wọ́n má ka ẹ̀rí òun sí.

Ìyá Olóúnjẹ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ òsì sí imú, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Odò." Ó gbé ti ọwọ́ ọ̀tún, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi ahọ́n wá inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sílẹ̀. "Eléyìí, adìẹ ni. Kí ló jẹ?"

Ìyàwó Télọ̀ lè sọ pé àgbàdo. Kò sì ní jẹ́ irọ́.

"Àgbàdo, mà. Ẹ̀wà sóyà yíyan. Àti ìdin."

Ẹnu Ìyá Olóúnjẹ dúró. Ẹran wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Gbogbo ilé ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, òkú inú ike àti èèpo èso inú ọpọ́n, ó ń gbọ́, kò tu ẹran náà dànù, kò gbé e mì.

"Ẹni tó lè sọ fún mi lọ́jọ́sí pé adìẹ òun ń ṣàìsàn," ó sọ níkẹyìn, ẹran ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, "kò sí ohun tó máa sọ fún mi tí n kò ní gbà gbọ́." Ó gbé e mì. "Níbo ni kí n gbé àgò mi sí bí mo bá wá kó wọn?"

Ẹ̀yin ará wa tó ń sin adìẹ, àti ẹ̀yin tó ń jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí yọ. Oúnjẹ tí adìẹ ń jẹ ni ẹran tí a ń jẹ. Bí ẹ bá ń lo ẹja lílọ̀, ẹ lo èyí tí kò kan, kó mọ níwọ̀n, kí ẹ sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó pa adìẹ. Ẹ yan ẹ̀wà sóyà kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí adìẹ dàgbà. Ẹ̀pà tó bá ti bu, dídà ni kí ẹ dà á nù. Ìdin lè rọ́pò ẹja, ṣùgbọ́n ìdin eṣinṣin dúdú tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn tó mọ́ sìn, tí wọ́n sì yan gbẹ ni, kó sì jẹ́ díẹ̀ nínú oúnjẹ wọn. Ẹ má ṣe fi ìdin òkú ẹran tàbí ti ìgbẹ́ bọ́ adìẹ láéláé. Ẹ sun òkú adìẹ, tàbí kí ẹ sin ín jìn.

Bí ọrùn adìẹ bá rọ̀, tàbí tó yí, ẹ má ṣe fún un lórúkọ fúnra yín, ẹ pe dókítà ẹranko. Ẹ má ṣe sáré pa adìẹ tó ń ṣàìsàn kí ẹ fi tà. Bí ẹ bá sì gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ní rédíò tàbí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ béèrè ìyókù. Ìdajì tí ẹ kò gbọ́ ni ìkìlọ̀ máa ń wà.